Mówà àgùn tó kọ̀ tí kò jí: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ní Abẹ́òkúta

Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, koríko á bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí, fóònù mi náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ilé ìwé ń pè, òtẹ́ẹ̀lì ń pè, ṣọ́ọ̀ṣì ń pè, àwọn tí ọgbà ilé wọn tóbi ní Ìbarà àti Òkè-Mosàn náà ò gbẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Mówà tí a pa mọ́ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a yí kọ́kọ́rọ́, ó lóun ò jí." Mo ti dáhùn lórí WhatsApp títí ọwọ́ fi ń ro mí, ni mo ṣe kó àwọn ìdáhùn náà jọ síbí.

Mówà, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń gé koríko, tí mò ń sọ ni èyí tí èèyàn ń jókòó lé wà bí ọkọ̀, kì í ṣe èyí tí a ń fọwọ́ tì. Níbi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì bá ti yàtọ̀, màá sọ ọ́.

Kí ẹ tó náwó lórí ohunkóhun, ẹ fetí sí ẹ̀rọ náà ná. Mówà tí kò jí máa ń sọ ibi tó ti ń dùn ún. Bóyá ó dákẹ́ rọ́rọ́. Bóyá ó dún "kà" lẹ́ẹ̀kan ó sì dákẹ́. Bóyá ó ń yí tí kò gbiná. Bóyá ó jí, ó tún kú. Tó bá dákẹ́ tàbí tó dún "kà", ọ̀rọ̀ bátìrì àti wáyà ló sábà máa ń jẹ́. Tó bá ń yí tí kò gbiná, ọ̀rọ̀ epo tàbí púlọ́ọ̀gì ni. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á lọ ra bátìrì tuntun nígbà tó jẹ́ pé kabúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, ló dí.

Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Lórí ìjókòó. Mi ò ṣàwàdà o. Mówà àgùn ní àwọn súwíìṣì kéékèèké tó ń ṣọ́ ẹni tó ń wà á: ọ̀kan wà lábẹ́ ìjókòó, ọ̀kan wà nídìí pẹ́dààlì bíréèkì, ọ̀kan wà níbi tí ẹ ti ń tan abẹ tó ń gé koríko. Tí ẹ ò bá tẹ bíréèkì délẹ̀, tàbí tí ẹ fi abẹ sílẹ̀ ní títàn nígbà tí ẹ lò ó kẹ́yìn, sítátà, ohun tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè jí, ò ní rí iná gbà rárá. Àwọn mówà mìíràn ò tilẹ̀ ní dá yín lóhùn tí ẹ ò bá jókòó lé wọn. Torí náà, ẹ jókòó dáadáa, ẹ pa abẹ, ẹ tẹ bíréèkì títí ẹsẹ̀ ò fi ní ibi tó ń lọ mọ́, kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹnì kan pè mí láti Kútọ̀ lọ́jọ́ kan pé ẹ́ńjìnnì ti kú pátápátá. Mo gun ọ̀kadà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ti bọ́tìnnì abẹ sísàlẹ̀, ẹ̀rọ jí. Owó ọ̀kadà nìkan ni mo lè gbà. Ojú ti àwa méjèèjì.

Tí ẹ bá ti ṣe ìyẹn tí kò tíì dún, ẹ ṣí ibi tí bátìrì wà. Ẹ wo orí rẹ̀ méjèèjì. Tí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé níbẹ̀, iná ò lè gba ibẹ̀ kọjá bó ti yẹ. Ẹ tú wáyà dúdú kúrò ṣáájú, kí ẹ tó tú pupa. Ẹ fi omi gbígbóná àti bekín sóódà díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi sáńpépà ha irin rẹ̀ títí yóò fi dán. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, pupa ló ń ṣáájú, dúdú ló ń kẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ni pé tí spánà bá yọ̀ lọ́wọ́ yín tó fi kan ara mówà nígbà tí dúdú ṣì wà níbẹ̀, iná á tàn yẹ̀rì, spánà náà lè lẹ̀ mọ́ ibẹ̀.

Ẹ má gbàgbé òpin kejì wáyà dúdú náà, ibi tí wọ́n ti fi bóòtù dè é mọ́ ara mówà. Ìpẹta máa ń wà lábẹ́ bóòtù yẹn tí ojú ò rí. Mo ti rí mówà tí wọ́n pa tì sí ẹ̀yìn ilé fún odidi ọdún kan nítorí bóòtù kan ṣoṣo yìí.

Lẹ́yìn náà, fíúsì. Irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ ni, 15 tàbí 20 ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i lára, ó sì máa ń wà nítòsí bátìrì tàbí lẹ́yìn ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Tó bá ti jó, ẹ fi òmíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ bá a dọ́gba rọ́pò rẹ̀. Tí èkejì bá tún jó lójú ẹsẹ̀, wáyà kan ti bó níbì kan, ó ń fara kan irin. Ẹ wá a. Ẹ má fi ìwé dídán inú páálí sìgá tàbí ẹyọ wáyà dí i. Ẹ̀yìn ìyẹn, gbogbo wáyà inú mówà ló máa ń jó, èéfín á sì máa jáde lábẹ́ yín níbi tí ẹ jókòó sí.

Ọgbọ́n kan rèé fún mówà tó bá níná iwájú. Ẹ tan iná náà, kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́. Tí iná bá ṣókùnkùn bí ẹ ti yí i, agbára bátìrì ló kéré tàbí orí rẹ̀ ló dọ̀tí. Tí iná bá mọ́lẹ̀ kedere tí ohunkóhun ò dún, ẹ padà sídìí àwọn súwíìṣì tí mo sọ lókè.

Ó ń dún "kà" ṣùgbọ́n kò yí. Bátìrì ni, àbí?

Ó lè jẹ́ bátìrì, kò sì pọn dandan. Ẹ ka iye ìgbà tó dún. Tó bá jẹ́ "ka-ka-ka-ka" léraléra bí àgbàdo tó ń tú nínú ìkòkò, bátìrì ti rẹ̀ ẹ́. Sọ́lẹ́nọ́ìdì, súwíìṣì ńlá tó ń gbé iná bátìrì lọ sí sítátà, ń dìde, iná ń já, ó ń ṣubú, ó tún ń dìde. Tó bá jẹ́ "kà" kan ṣoṣo tó le, tí ohun gbogbo wá dákẹ́, ẹ wo sọ́lẹ́nọ́ìdì fúnra rẹ̀, ẹ wo sítátà, ẹ wo wáyà ńlá tó so wọ́n pọ̀.

Ẹ wá mítà. Èyí tí kò wọ́n tó wà lọ́wọ́ àwọn oníná ilé ti tó. Bátìrì mówà jẹ́ fóòtì 12, ṣùgbọ́n tó bá kún, tó sì ti sinmi, 12.6 ló yẹ kó máa kà. Ní 12.4, ó ṣì lè ṣiṣẹ́. Ní 12.2, ìdajì ló kù. Tó bá ti wá sí ìsàlẹ̀ 12, ẹ lọ ṣájì rẹ̀ kí ẹ má ba ara yín lọ́kàn jẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń tan àwọn èèyàn jẹ nìyí o: bátìrì lè ka 12.6 nígbà tó sinmi, kó sì jẹ́ òkú bátìrì. Ẹ fi mítà sílẹ̀ lórí rẹ̀, kí ẹlòmíràn yí kọ́kọ́rọ́. Tí nọ́ńbà bá já wá sí ìsàlẹ̀ 9.6 nígbà tí sítátà ń gbìyànjú, inú bátìrì náà ti bàjẹ́, kò sí ṣájì tó lè jí i. Tó bá dúró lórí 11 tí ẹ́ńjìnnì ò sì yí, ẹ fi bátìrì sílẹ̀, ibòmíràn ni ìṣòro wà.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣájì rẹ̀, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́. Bátìrì kékeré ni. Ṣájà tí agbára rẹ̀ kò ju 10 ampere lọ ló bá a mu, 2 tilẹ̀ sàn jù tí iná bá máa dúró mọ́jú. Ẹni tó bá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣájì bátìrì tírélà lè gbà á padà ní sísè.

Fún sọ́lẹ́nọ́ìdì, ẹ fi mítà kan etí rẹ̀ kékeré nígbà tí wọ́n ń yí kọ́kọ́rọ́. Tí fóòtì 12 bá dé ibẹ̀, tí irin ńlá tó lọ sí sítátà kò rí nǹkan kan, sọ́lẹ́nọ́ìdì ti kú. Tí fóòtì kò bá dé etí kékeré náà rárá, kọ́kọ́rọ́ tàbí súwíìṣì ló dá a dúró. Mo mọ̀ pé àwa mẹkáníìkì máa ń gbé skrudráfà lé irin ńlá méjèèjì kí iná lè tàn kọjá. Èmi náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ń fo gbogbo súwíìṣì ààbò kọjá, mówà lè gbéra lọ pẹ̀lú yín níwájú rẹ̀, tí epo bá sì ń rùn níbẹ̀, ẹ ti rí iná. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wa.

Bátìrì tuntun ni. Ẹ́ńjìnnì yí díẹ̀, ó dúró gbọn-in bí ẹni pé ó kan ògiri. Kí ló dé?

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí nítorí pé ó ti ná èmi náà lówó. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìyọ̀ǹda, ilé ìwé kan gbé irú iṣẹ́ yìí fún mi. Mo ní kí wọ́n ra bátìrì, wọ́n rà á. Kò jí. Mo ní sítátà ni, wọ́n tún ra sítátà. Ẹ̀rọ náà tún yí ìdajì, ó dúró. Mo lọ bẹ ọ̀gá mi. Wọ́n dé, wọn ò fọwọ́ kan bátìrì, wọn ò wo sítátà. Wọ́n tú bóòtù mẹ́rin tó di ìdérí fáàfù (ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì tó sì ń gbà jáde) mú, wọ́n yí tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tí a fi ń tún àlàfo fáàfù ṣe, wọ́n ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Ó jí. Owó sítátà yẹn, èmi ni mo san án padà díẹ̀díẹ̀.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹ́ńjìnnì mówà tó ní sílíńdà kan gbọ́dọ̀ fún afẹ́fẹ́ pọ̀ kó tó gbiná, afẹ́fẹ́ yẹn sì le ju agbára sítátà kékeré lọ. Àwọn tó ṣe é mọ̀, ni wọ́n fi fi ohun kan sára ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, tí yóò máa gbé fáàfù kan sókè díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́jẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè jò jáde. Díẹ̀ gan-an ni gbígbé yẹn. Bí tápẹ́ẹ̀tì bá ti wá tú nítorí ọjọ́ pípẹ́, àlàfo tó wà níbẹ̀ á gbé díẹ̀ yẹn mì, fáàfù ò ní ṣí mọ́, sítátà á wá máa fi orí gbá gbogbo agbára afẹ́fẹ́.

Ìdánwò rẹ̀ ò le. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì kúrò, ẹ fi wáyà rẹ̀ sí ibi tó jìnnà sí ihò náà, kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́. Tó bá ń yí fìrìfìrì láìdúró, tápẹ́ẹ̀tì lẹ máa yí. Tó bá ṣì ń fà bí ìgbín, ẹ padà sídìí wáyà, bátìrì àti sítátà.

Ẹ́ńjìnnì tútù la ti ń yí tápẹ́ẹ̀tì. Fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Briggs & Stratton tí fáàfù rẹ̀ wà lókè orí ẹ́ńjìnnì, a máa ń jẹ́ kí písítínì kọjá òkè pátápátá, kó sọ̀kalẹ̀ bíi mílímítà 6, kí ohun tó ń gbé fáàfù yẹn má baà da wíwọ̀n wa rú. Nọ́ńbà àlàfo fún fáàfù méjèèjì yàtọ̀ láti ẹ́ńjìnnì sí ẹ́ńjìnnì, inú ìwé rẹ̀ ni kí ẹ ti wò ó. Ẹni tó bá ní òun fi ojú wọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ṣé mo lè fi bátìrì mọ́tò jí i?

Ẹ lè ṣe é, tó bá jẹ́ ti fóòtì 12. Kí ẹ́ńjìnnì mọ́tò náà wà ní pípa. Pupa sí pupa, dúdú mọ́tò sí irin ara mówà tó jìnnà díẹ̀ sí bátìrì. Bátìrì tírélà tí wọ́n so méjì pọ̀ di 24 á jó nǹkan yín. Ti ọ̀kadà kéré jù, ẹ má dààmú ẹ̀.

Ó ń yí dáadáa ṣùgbọ́n kò gbiná. Báwo ni màá ṣe mọ̀ bóyá epo ni tàbí iná púlọ́ọ̀gì?

Ṣé ẹ fa ṣóókì, ọwọ́ tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí ẹ́ńjìnnì tútù lè rí epo tó? Ẹ dárí jì mí, mo ní láti bi yín. Ooru Abẹ́òkúta mú, àwọn èèyàn á wá rò pé ẹ́ńjìnnì ò nílò ṣóókì níbí. Ẹ́ńjìnnì tí kò tíì ṣiṣẹ́ láti àná, tútù ni a ń pè é, kódà kí oòrùn wà ní àtàrí. Ẹ fa á dópin. Lẹ́yìn tó bá ti gbóná, ẹ má fa á mọ́.

Ẹ má sì di kọ́kọ́rọ́ mú títí o. Ìṣẹ́jú-àáyá 5, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún gbìyànjú. Sítátà tí wọ́n bá di mú láìsinmi á jó.

Tí ẹ bá ti gbìyànjú bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ tú púlọ́ọ̀gì wò. Púlọ́ọ̀gì yìí ló máa sọ òtítọ́ fún yín. Tó bá gbẹ táútáú, epo ò dé ibẹ̀. Tó bá tutù tó ń rùn epo, epo dé, iná ni kò tàn, tàbí epo ti pọ̀ jù. Tó bá dúdú kirimú, ẹ lọ wo fìlítà afẹ́fẹ́. Eruku ọyẹ́ máa ń dí i débi pé ẹ́ńjìnnì ò rí èémí fà.

Láti dán iná wò, ẹ fi púlọ́ọ̀gì sínú fìlà wáyà rẹ̀, ẹ jẹ́ kí irin ara rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì, jìnnà sí ihò púlọ́ọ̀gì àti sí epo, kí ẹlòmíràn yí kọ́kọ́rọ́. Iná aláwọ̀ búlúù tó ń ta "tà" ló dára. Tó bá pọ́n tó sì rẹlẹ̀, ẹ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Àlàfo ẹnu rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ Briggs & Stratton jẹ́ mílímítà 0.76.

Tí kò bá sí iná rárá pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì tuntun, ẹ wá wáyà tín-ínrín tó wọ inú kọ́ìlì, ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná. Wáyà yẹn ló ń pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ padà, òun náà sì ni àwọn súwíìṣì ààbò ń lò. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ dán iná wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí iná bá ti wá tàn, kọ́ìlì yín pé, súwíìṣì kan tàbí wáyà bíbó ló ń pa á. Tí kò bá tàn síbẹ̀, kọ́ìlì ni kí ẹ rà. Ẹ rántí dá wáyà náà padà, torí láìsí i, kọ́kọ́rọ́ ò ní lè pa ẹ́ńjìnnì.

Fún ẹni tí epo ti pọ̀ jù nínú rẹ̀: ẹ ti ṣóókì padà pátápátá, ẹ gbé ọwọ́ eré lọ sókè, ẹ nu púlọ́ọ̀gì, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó fẹ́, kí ẹ tó yí i.

Epo tó wà nínú rẹ̀ láti oṣù kọkànlá ni. Ṣé epo ń bàjẹ́ ni?

Ó ń bàjẹ́ gan-an. Nínú gbogbo mówà tí mo ń gbà lóṣù kẹrin, èyí tí epo àtijọ́ pa ló pọ̀ jù. Bẹntiróòlù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá lẹ́yìn nǹkan bí 30 ọjọ́. Apá tó fẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, èyí tó ń tètè gbiná, á fẹ́ lọ. Èyí tó kù á nípọn, á lẹ̀ mọ́ inú kabúrétọ̀ bí oje igi. Ihò tí epo ń gbà nínú kabúrétọ̀, tí à ń pè ní jẹ́ẹ̀tì, tẹ́ẹ́rẹ́ ju ojú abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ. Oje díẹ̀ ti tó láti dí i.

Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Epo tó ti ṣá máa ń rùn kíkan bí fáníìṣì àtijọ́, àwọ̀ rẹ̀ á sì pọ́n. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ jáde sínú kéègì (kì í ṣe ẹnu lẹ máa fi fa á o), ẹ pààrọ̀ fìlítà epo kékeré tó wà lójú ọ̀nà róbà, ẹ bu epo tuntun sí i. Nígbà mìíràn ìyẹn nìkan ti tó.

Tí kò bá tó, ẹ tú ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ mówà àgùn, ohun kan tó dà bí bóòtù ńlá tó ní wáyà wà níbẹ̀. Ó máa ń dún "tì" tí ẹ bá tan kọ́kọ́rọ́, torí òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún epo. Tí kò bá dún, epo ò ní wọlé kódà kí kabúrétọ̀ mọ́ bí àwo ìgbéyàwó. Mówà àfọwọ́tì kì í sábà ní èyí, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ tìyẹn nìkan fi máa ń fọ kabúrétọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta láìrí nǹkan kan.

Jẹ́ẹ̀tì náà, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un. Ó máa ń fẹ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì á wá máa mu epo bí ẹni mumi. Ẹ fín oògùn ìfọ-kabúrétọ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó rẹ, kí ẹ gbé e lọ bá fọkanáísà kó fi afẹ́fẹ́ rẹ̀ fọ́n ọn. Mo ní ọ̀kan ní Lafẹ́nwá tó mọ ohùn mi lórí fóònù. Bí mo bá ti dé, ó ti mọ̀ pé kì í ṣe táyà ni mo gbé wá.

Ọ̀rọ̀ omi náà wà ńbẹ̀. Epo tí wọ́n tà nínú kéègì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Omi á lọ sísàlẹ̀, epo á wà lókè, ẹ máa rí ìlà tó pààlà wọn.

Ó jí, ó ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ó kú. Tí mo bá dúró díẹ̀, ó tún jí.

Nígbà tó bá kú, ẹ tú ìdérí tánkì sílẹ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ "fììì" tó sì jí lẹ́yìn ìyẹn, ihò èémí ìdérí náà ti dí. Epo ń lọ, afẹ́fẹ́ ò wọlé rọ́pò rẹ̀, tánkì ń fa epo padà. Nílùú wa níbí, àgbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé fẹ́ràn irú ihò bẹ́ẹ̀. Ó ti fi amọ̀ dí ẹnu sàlẹ́ńsà mówà kan fún mi rí.

Tí kò bá jẹ́ ti ìdérí, kọ́ìlì tó ń gbóná ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ dán iná púlọ́ọ̀gì wò lójú ẹsẹ̀ tó bá kú, kó tó tutù.

Mo gé koríko, mo gbá òkúta. Láti ìgbà yẹn kò jí mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé abẹ́ Olúmọ, ẹ rò pé òkúta ò ní wà nínú koríko yín? Ọgbà tí mo mọ̀ nílùú yìí tí kò ní àpáta tó yọrí díẹ̀ ò pọ̀.

Nínú mówà àfọwọ́tì, abẹ wà lórí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì gan-an. Tó bá gbá òkúta, irin pẹlẹbẹ kékeré tó de fúláíwíìlì (kẹ̀kẹ́ irin wíwúwo tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí) mọ́ ọ̀pá náà máa ń gé. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi irin tí kò le ṣe é ni, kó lè gé kí ọ̀pá má baà tẹ̀. Tó bá ti gé, fúláíwíìlì á yẹ̀ díẹ̀, púlọ́ọ̀gì á máa tanná lásìkò tí kò yẹ, ẹ́ńjìnnì á máa ta padà tàbí kó máa yìnbọn láti inú kabúrétọ̀. Nínú mówà àgùn, bẹ́líìtì ló wà láàárín abẹ àti ẹ́ńjìnnì, ó sì máa ń gba ìyà náà jẹ. Irin yẹn lè gé síbẹ̀, pàápàá tí nọ́ọ̀tì fúláíwíìlì bá ti tú, ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń bá jù ni abẹ tó tẹ̀, ọ̀pá abẹ tó wọ́, tàbí wáyà súwíìṣì kan tó já nígbà tí mówà fò sókè. Ẹ kọ́kọ́ wo wáyà abẹ́ ìjókòó àti ti ìdí bíréèkì. Tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan abẹ, ẹ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì ṣáájú. Ìyẹn ò ní àtúnsọ.

Eku wọ inú rẹ̀. Ṣé ó burú?

Ẹ tú ike tó bo orí ẹ́ńjìnnì, ẹ kó ìtẹ́ rẹ̀ jáde, ẹ wo gbogbo wáyà tó bá ti jẹ. Ìtẹ́ yẹn máa ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́, tí ẹ́ńjìnnì bá jí tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, á gbóná kọjá ààlà. Aláǹgbá náà máa ń kú síbẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Kò yí rárá, mo wo ọ́ìlì, ó ga ju àmì lọ, ó sì ń rùn epo.

Ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ mọ́. Abẹ́rẹ́ tó ń dá epo dúró nínú kabúrétọ̀ ti kọ̀, epo ń jò wọ inú ẹ́ńjìnnì lóru. Ó lè kún orí písítínì, epo ò sì ṣe é fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fi agbára yí i lè tẹ ọ̀pá písítínì. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ gbé aṣọ lé ihò náà, ẹ fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì kí epo jáde. Ẹ da ọ́ìlì náà nù, ẹ fi tuntun sí i: SAE 30 bá ooru wa mu. Lẹ́yìn náà ẹ tún kabúrétọ̀ ṣe, ẹ sì máa pa ẹnu róbà tánkì tí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ tán.

Ẹnì kan ní kí n so wáyà súwíìṣì ìjókòó pọ̀, pé wàhálà tán.

Rárá. Tí ẹ bá ṣubú kúrò lórí rẹ̀ lórí òkè, súwíìṣì yẹn ló máa pa abẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Èmi ò ní bá yín so ó, ẹ ò sì ní rí mi níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Súwíìṣì tuntun kò wọ́n tó oògùn ẹsẹ̀.

Mo fẹ́ ra tókúnbọ̀. Kí ni kí n wò?

Ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó débẹ̀ pé kí wọ́n má tan án o. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì bí ẹ bá ti dé. Tó bá ti gbóná, wọ́n ti jí i ṣáájú yín, ẹ ò ní mọ bó ṣe ń ṣe láàárọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi bátìrì tirẹ̀ jí i, kì í ṣe ti mọ́tò tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, tí ẹ gbé eré rẹ̀ sókè, ẹ fi mítà kan bátìrì. Ó yẹ kó ka láàárín 13.5 sí 14.5. Tó bá dúró sí 12, kọ́ìlì tó ń ṣájì bátìrì tàbí rẹ́gúlétọ̀ ti lọ, bátìrì yòówù tí ẹ bá rà á máa kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹ tún dìde díẹ̀ lórí ìjókòó pẹ̀lú abẹ ní títàn. Tí ẹ́ńjìnnì ò bá kú, ẹnì kan ti so wáyà tí mo sọ yẹn.

Kí ni kí n ṣe kó má baà tún kọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀?

Tí ẹ bá gé koríko ìkẹyìn ní oṣù kọkànlá, ẹ ti ọ̀nà epo pa kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí tí yóò fi fúnra rẹ̀ kú. Èyí á jẹ́ kí kabúrétọ̀ gbẹ. Ẹ tú epo tánkì jáde, ẹ lò ó nínú jẹnẹrétọ̀. Ẹ yọ bátìrì wọlé, ẹ máa ṣájì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, torí bátìrì tó bá pẹ́ ní òfìfo kì í padà bọ̀ sípò. Ẹ fọ koríko tó gbẹ mọ́ abẹ́ rẹ̀, ẹ bò ó, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀rá dì í pinpin, á làágùn nínú.

Tí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, ta ni kí n pè: rìwáyà tàbí mẹkáníìkì?

Tó bá dákẹ́ tàbí tó dún "kà", ẹ pe rìwáyà, àyàfi tó bá jẹ́ èyí tó ń dúró gbọn-in. Tó bá ń yí tí kò gbiná, ẹ pe mẹkáníìkì tó mọ jẹnẹrétọ̀ dáadáa, ẹ́ńjìnnì wọn jọra. Kí ẹ tó pè, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì. Nínú Briggs & Stratton, wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sára irin, lórí ìdérí fáàfù tàbí lára ìbòrí ẹ́ńjìnnì, ní ìpín mẹ́ta tó tẹ̀ léra. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń ra nǹkan rẹ̀, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sí iwájú mówà. Kí ẹ sì fi ohùn ránṣẹ́: ẹ gbé fóònù sún mọ́ ọn, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kí n gbọ́ ohun tó ń wí.